Corolla mi ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: ṣé kí n ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ni?

Ìyáàfin kan tó jẹ́ tíṣà, tó ń gbé ní Ṣàgámù tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2004 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Láti bí oṣù mélòó kan, bí mo bá ti wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, géèjì ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí mo bá ti bọ́ sórí ẹspírẹ́ẹ̀sì, á tún sọ̀ kalẹ̀. Mẹkáníìkì mi yọ tẹmositáàtì (ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣọ́ ooru omi ẹ́ńjìnnì) dànù, ó ní ilẹ̀ olóoru kò nílò rẹ̀. Rìwáyà wá so fáànù mọ́ iná tààrà. Síbẹ̀ náà, ó ń gbóná bí mo bá tan AC. Epo tó ń jẹ ti pọ̀ sí i, iná ẹ́ńjìnnì sì tàn sí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mẹkáníìkì kejì ṣí ìdérí ọ́ìlì, ó rí nǹkan funfun bí ògì lábẹ́ rẹ̀, ó ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì (èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) ti jóná, àti pé níwọ̀n ìgbà tí mọ́tò náà ti ń mu ọ́ìlì, kí n kúkú lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Owó ẹ́ńjìnnì kò sí lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n ṣe?”

Màdámù, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdààmú. Kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń gba oorun lójú yín: ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, kò sí ẹyọ kan tó fi hàn dájú pé ẹ́ńjìnnì yín ti bàjẹ́. Ohun tí mo rí ni ìṣòro kan tí kò tóbi, tí wọ́n fi àtúnṣe méjì tí kò tọ́ lé lórí, tí àtúnṣe yẹn sì bí àmì tuntun tí mẹkáníìkì kejì wá kà sí àìsàn mìíràn. Ó máa ń dùn mí, torí mo ti rí i lójú ara mi tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì tó ṣì lágbára sílẹ̀, tí ẹni tó ni mọ́tò lọ kó owó tó yẹ kó fi san owó ilé-ìwé ọmọ fún àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì ní ọjà Ládípọ̀, tí mọ́tò sì tún ń gbóná bíi ti àtẹ̀yìnwá. Rádíétọ̀ àtijọ́, ìyẹn ohun tó ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù, àti fáànù àtijọ́ ni wọ́n dá padà sí iwájú ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ohun mẹ́rin ló wà nínú lẹ́tà yín: ooru, iná dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú epo tó ń tètè tán, nǹkan funfun abẹ́ ìdérí, àti ọ́ìlì tó ń dín kù. Ibi tí wọ́n ti wá kì í ṣe ọ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ fúnra yín ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù, bóyá ẹ kò tilẹ̀ mọ̀: ó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó ń rọlẹ̀ lórí ẹspírẹ́ẹ̀sì. Ìgbà tí ooru ń dé máa ń sọ ibi tó ti ń wá. Bí mọ́tò bá ń sáré láti Ṣàgámù lọ sí ọ̀nà Òdógbolú, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló ń gba inú rádíétọ̀ kọjá, kò nílò ẹni tó máa fà á. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dúró sójú kan, bí irú ọjọ́ Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí gbogbo títì Ìjẹ̀bú-Òde máa ń kún dẹ́nu, kò sí afẹ́fẹ́ kankan àfi èyí tí fáànù bá fà. Nítorí náà, mọ́tò tó ń gbóná nígbà tó bá dúró, tó ń tutù nígbà tó bá sáré, afẹ́fẹ́ ni kò tó o. Èyí tó bá jẹ́ òdìkejì, tó ń ṣe dáadáa nínú ìlú àmọ́ tó ń gbóná lórí ìrìn gígùn tàbí lórí òkè, omi ni kò lọ dáadáa nínú rẹ̀: rádíétọ̀ ti dí nínú, tàbí wọ́tà pọ́ọ̀m̀pù ti rẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá gbóná níbi gbogbo, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n tan án, ibẹ̀ la ti máa ń wo omi tó ti jò tán, tẹmositáàtì tó há sí pípadé, àti tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Tiyín bọ́ sí ìsọ̀rí kìíní. Kò túmọ̀ sí pé kò lè ní ọ̀rọ̀ rádíétọ̀ nínú o. Rádíétọ̀ tó dí ní ìdajì lè kọ́kọ́ fara hàn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàápàá. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ afẹ́fẹ́ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n á sọ fún yín pé fáànù ń ṣiṣẹ́, torí wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀. Ìró kọ́ là ń wò. Ẹ mú bébà kan, ẹ jẹ́ kí fáànù máa yí, kí ẹ sì gbé bébà náà sí iwájú mọ́tò, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, kí fáànù fà á mọ́ra. Bí bébà bá jábọ́, tàbí tí afẹ́fẹ́ ń tì í padà sọ́dọ̀ yín, ẹ ti rí ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn. Fáànù Corolla yìí wà lẹ́yìn rádíétọ̀, fífà ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe fífẹ́ síta. Nígbà tí rìwáyà bá gé wáyà tó sì so ó tààrà, bó bá gbé wáyà méjèèjì lódì, fáànù á máa yí sẹ́yìn, á máa ti afẹ́fẹ́ gbígbóná síwájú. Bí mọ́tò bá dúró, ẹ ò ní rí i pé ó ń ṣèrànwọ́. Bó bá sì ń sáré, á máa bá afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà jà. Mo ti bá èyí pàdé ju bí mo ṣe rò lọ. Òmíràn wà tó ń yí síbi tó tọ́, àmọ́ tí mọ́tò fáànù náà ti gbó, tí kò lágbára mọ́, tàbí tí wáyà tí wọ́n fi so ó tín-ínrín tó bẹ́ẹ̀ tí iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó. Ẹ tún wo ike ńlá tó yí fáànù ká. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ jù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní kò wúlò. Òun gan-an ló ń jẹ́ kí fáànù fa afẹ́fẹ́ láti gbogbo ojú rádíétọ̀. Láìsí i, ibi tí fáànù bá kọjú sí nìkan ló ń tutù.

Ọ̀rọ̀ AC tí ẹ mẹ́nu bà bá èyí mu. Kọ́ńdẹ́ńsà AC wà níwájú rádíétọ̀, ooru tí AC bá kó jáde nínú mọ́tò, iwájú rádíétọ̀ ló ń tú u sí. Bí eruku, ewé, ìyẹ́ kòkòrò àti ọ̀rá bá ti kún àárín àwọn méjèèjì, bébà lè lẹ̀ mọ́ iwájú díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má sì dé rádíétọ̀. Ẹ ní kí wọ́n tú wọn kúrò lára ara wọn, kí wọ́n fi omi tí kò le fọ̀ wọ́n láti ẹ̀yìn wá síwájú. Omi tó bá le jù á tẹ àwọn ewé irin wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sì ní rí ọ̀nà gbà mọ́.

Ní ti ìsopọ̀ tààrà yẹn, mi ò fara mọ́ ọn. Bí wọn kò bá fi fíúsì sí i, ó lè gbiná. Èyí tó tún burú ni pé kò ní jẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí fáànù kò fi dá tan tẹ́lẹ̀. Nínú mọ́tò yín, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ló ń pàṣẹ fún fáànù, ó ń gbọ́ ìròyìn ooru láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú omi. Bí rìléè (súìṣì kékeré tó ń gbé iná fún fáànù), fíúsì, wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀ bá yẹ̀, fáànù kò ní tan. Gbogbo wọn kò wọ́n. Ohun kan tí rìwáyà tó mọṣẹ́ lè ṣe láìná owó, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá wáyà fáànù padà sí ipò rẹ̀: kó yọ ojú wáyà sẹ́ńsọ̀ yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní títàn. Kọ̀ǹpútà kò ní rí ìròyìn mọ́, yóò sì tan fáànù fúnra rẹ̀ láti dáàbò bo ẹ́ńjìnnì. Bí fáànù bá tan, fáànù, rìléè àti wáyà dára, sẹ́ńsọ̀ la ó fura sí. Bí kò bá tan, ẹ wá rìléè, fíúsì àti wáyà lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí tẹmositáàtì, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. “Ilẹ̀ olóoru kò nílò rẹ̀” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, kò sì tíì di òótọ́. Ọjọ́ tí oòrùn bá mú jù lọ ní Ṣàgámù, afẹ́fẹ́ ìta kò ju bíi 36 tàbí 38 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ́ńjìnnì yín ní tirẹ̀ fẹ́ máa ṣiṣẹ́ ní bíi 85 sí 95. Nítorí náà, ní ilẹ̀ wa náà, ó ní láti gbóná dé ìwọ̀n yẹn kó tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, tẹmositáàtì ló sì ń ṣọ́ ọ. Ti Corolla yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 82. Kí omi tó gbóná dé ibẹ̀, ó wà ní pípadé, omi ń yí inú ẹ́ńjìnnì nìkan. Bó bá ti gbóná, á ṣí kí omi lè lọ sí rádíétọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò rò ni pé iṣẹ́ méjì ni tẹmositáàtì ẹ́ńjìnnì yìí ń ṣe. Bó ṣe ń ṣí ọ̀nà rádíétọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ti ilẹ̀kùn kejì, ìyẹn ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà yí inú ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá tutù. Tí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà méjèèjì á wà ní ṣíṣí títí ayé. Lórí ẹspírẹ́ẹ̀sì, omi tó ń gba rádíétọ̀ pọ̀, ẹ́ńjìnnì á tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nígbà tí wọ́tà pọ́ọ̀m̀pù ń yí díẹ̀díẹ̀, apá kan omi gbígbóná á máa gba àbùjá padà sínú ẹ́ńjìnnì láìfojú kan rádíétọ̀ rárá. Ẹ wá rí i pé yíyọ tẹmositáàtì lè dá kún ooru tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wò. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ẹ ra tuntun tó dára, kì í ṣe tòkunbọ̀, kí wọ́n sì fi rọ́bà rẹ̀ sí i. Kí wọ́n tó dè é, ẹ ní kí wọ́n gbé e sínú ìkòkò omi lórí iná níṣojú yín: ó yẹ kó ṣí kí omi tó hó. Èyí tí kò bá ṣí títí omi fi hó, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Láti ibí yìí lẹ ó ti lóye ohun méjì mìíràn nínú lẹ́tà yín. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá dé ìwọ̀n ooru rẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé òwúrọ̀ ni, pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, á sì máa fún un ní epo lé lórí. Ìdí nìyẹn tí epo fi ń tètè tán. Tó bá sì pẹ́ tí kò rí ooru tó ń retí, á tan iná dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ kà á. Mọ́tò Amẹ́ríkà láti 1996 ló ti ní ojú ibi tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ náà bọ̀, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lókè ibi ẹsẹ̀ awakọ̀. Bí wọ́n bá rí nọ́ńbà P0128, ohun tó ń sọ ni pé ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó, èyí tó bá tẹmositáàtì tí wọ́n yọ mu gan-an. Bí wọ́n bá rí nọ́ńbà mìíràn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́, torí nọ́ńbà tí wọ́n bá ti pa rẹ́ kì í tètè padà wá.

Nǹkan funfun abẹ́ ìdérí ọ́ìlì ńkọ́? Òun ló dẹ́rù bà yín jù, mo sì mọ ìdí rẹ̀, torí bí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì bá jóná tí omi sì wọ inú ọ́ìlì, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ là ń rí. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó náà ń ṣe é. Epo tó bá ń jó máa ń mú omi wẹ́wẹ́ jáde, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń bọ́ sọ́dọ̀ ọ́ìlì. Nínú ẹ́ńjìnnì tó gbóná dáadáa, omi yẹn á fẹ́ lọ. Nínú èyí tó ń tutù jù, á lẹ̀ mọ́ ibi tó tutù jù lọ, ìyẹn abẹ́ ìdérí, á pò mọ́ ọ́ìlì, á funfun. Nítorí náà, abẹ́ ìdérí kọ́ lẹ ó wò. Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ kí ẹ wo ara rẹ̀. Bí ọ́ìlì orí géèjì bá mọ́, tó jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ tàbí dúdú bó ṣe yẹ, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé èyí tó wà lórí géèjì gan-an ló funfun, tí ọ́ìlì sì pọ̀ sí i dípò kó dín kù, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì náà mọ́.

Ìdánwò tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì kò le. Ní òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tan mọ́tò, ẹ ṣí ìdérí rádíétọ̀, ẹ kún un, kí ẹnì kan wá tan án. Ẹ máa wo ojú omi. Ìhó díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń hó wọ́rọ́wọ́rọ́ láìdáwọ́ dúró, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, tí ìhó náà sì ń pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń tẹ iná, gáàsì láti inú sílíńdà, ibi tí epo ti ń jó, ló ń wọ inú omi. Ẹ̀rí kejì: họ́ọ̀sì òkè rádíétọ̀ á le gbagidi láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì tí wọ́n tan án tí ìdérí wà níbẹ̀, nígbà tí omi kò tíì gbóná. Ẹ̀rí kẹta: omi ń dín kù lójoojúmọ́ láìsí ibi tó ń jò, èéfín funfun tó nípọn ń jáde ní sàláńsà kódà nígbà tí mọ́tò ti gbóná. Oògùn olómi àwọ̀ búlúù kan tún wà tí wọ́n ń gbé lé ẹnu rádíétọ̀. Bí gáàsì bá wà nínú omi, á yí sí àwọ̀ ìyeyè. Ṣọ́ọ̀bù tó ní i kò pọ̀ ní agbègbè wa, àmọ́ ẹ béèrè. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí, mi ò rí ohun tí a fi lè ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì jóná.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa omi tí ẹ ń rọ síbẹ̀, torí ará Ṣàgámù ni yín. Abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún òkúta tí wọ́n ń wà láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, omi kànga àti bọ́hólù nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń le, irú omi tí ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀. Ẹ wo ìdí kẹ́tùrù yín nílé, bí ẹ bá rí èèpá funfun níbẹ̀, irú èèpá bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbá jọ sínú àwọn ihò tóóró rádíétọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, aluminíọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì yín àti ara rẹ̀ pẹ̀lú, omi lásán máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kúláńtì ni ẹ ó rọ, kì í ṣe nítorí òtútù tí kò sí níbí, bí kò ṣe nítorí ìpata, àti nítorí pé ó ń gbé ìwọ̀n ìhó omi sókè. Bó bá jẹ́ èyí tó ki tí wọ́n ń là, omi inú ike tí wọ́n fi ń kún bátìrì ni kí ẹ fi là á, ìdajì sí ìdajì. Kí ẹ ṣọ́ra kó má jẹ́ ásíìdì bátìrì ni wọ́n tà fún yín. Bí omi bọ́hólù nìkan ló wà lọ́jọ́ tí ọ̀ràn dé, ẹ rọ ọ́ kí ẹ délé, kí ẹ sì yí i kúrò lẹ́yìn náà.

Ìdérí rádíétọ̀ kékeré yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Omi tó wà ní gbangba ń hó ní 100. Ìdérí tó dára ń há ìfúnpá mọ́ inú, tó fi jẹ́ pé omi inú rẹ̀ kì í hó títí yóò fi sún mọ́ 120. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti gbó, omi á tètè hó, á sá bọ́ sí ike ìpamọ́, á dà sílẹ̀, ẹ ó sì rò pé ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́. Òun ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ rà, torí kò wọ́n. Rádíétọ̀ fúnra rẹ̀, bí bébà bá lẹ̀ dáadáa tí ooru kò sì lọ, ẹ jẹ́ kí mọ́tò gbóná, ẹ pa á, ẹ yọ orí bátìrì kí fáànù má baà dá tan lójijì, kí mẹkáníìkì wá rọra fọwọ́ wá ojú rádíétọ̀ láti etí dé etí. Ibi tó bá tutù láàárín ibi gbígbóná, omi kò gba ibẹ̀ mọ́. Bó bá dí díẹ̀, wọ́n lè fọ̀ ọ́. Bó bá dí púpọ̀, ẹ ra òmíràn. Nínú tòkunbọ̀ tó mọ́ àti tuntun olówó pọ́ọ́kú tí inú rẹ̀ tín-ínrín, èmi á mú tòkunbọ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti wọ̀n bó ṣe nípọn tó, tí mo sì ti rọ omi gbà á kọjá.

Ọ́ìlì tó ń dín kù yàtọ̀ sí gbogbo èyí, mi ò sì ní tàn yín: ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE tó wà nínú Corolla yín ní orúkọ búburú lórí èyí. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 2005, ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì, ìyẹn irin tó ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnnì, kéré, ó máa ń dí, òrùka písítìnì á lẹ̀, ọ́ìlì á máa jó pọ̀ mọ́ epo. Toyota yí písítìnì náà padà nígbà tó yá. Tiyín lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ wo bóyá ó ń jò. Rọ́bà kékeré kan wà lẹ́yìn ohun tó ń fa ṣéènì táímìnì le, lápá ibi tí bẹ́líìtì wà. Ó máa ń gbó, ọ́ìlì á máa ṣàn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè náà ń jò. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n yọ PCV wò, èyí tó ń gba èéfín inú ẹ́ńjìnnì kọjá. Bó bá dí, ọ́ìlì á máa wá ibi tó máa gbà sá. Bí kò bá sí ibi tó ń jò, tí èéfín aró sì ń jáde nígbà tí ẹ bá tẹ iná, òrùka ni. Bó bá jẹ́ òwúrọ̀ nìkan ló ń yọ èéfín fìrì tó sì dáwọ́ dúró, rọ́bà fáàfù ni, ìyẹn sì rọrùn ju òrùka lọ.

Ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì díẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún yín fún ọdún púpọ̀ sí i, bí ẹ kò bá jẹ́ kó gbẹ. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì kò ní sọ ọ́ fún yín. Ẹ máa fa géèjì wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí mọ́tò tó tan. Ẹ má fi ọ́ìlì tó ki bíi gíríìsì dí i mọ́lẹ̀ o, torí kì í tètè dé òkè ẹ́ńjìnnì láàárọ̀. Mo mọ àwọn tó tú ẹ́ńjìnnì yìí nítorí òrùka, tí wọ́n sì rí i pé ó dára lẹ́yìn náà. Mo mọ àwọn tó tú u tí kò padà bọ̀ sípò mọ́, torí ẹni tó tò ó kò ní sípánà tó ń wọn agbára tí wọ́n fi ń di bólùtù orí. Nítorí náà, tí kò bá ti máa mu tó lítà kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, èmi á máa kún un, màá sì máa wà á lọ.

Bí ooru bá tún mú yín lójú ọ̀nà kí ẹ tó parí àtúnṣe, ẹ pa AC lójú ẹsẹ̀, ẹ tan ẹ̀rọ amúlégbóná inú mọ́tò dé òpin, kí ẹ sì ṣí gíláàsì. Kò bá ara mu, àmọ́ ó ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì, bí wọn kò bá tíì gé họ́ọ̀sì rẹ̀ dànù. Bí géèjì bá ṣì ń gòkè, ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ pa á. Géèjì Toyota máa ń dúró sí àárín fún ìgbà pípẹ́, bó bá ti kúrò níbẹ̀, ooru ti pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bó bá sì ti gòkè tó wá ṣàdédé já wálẹ̀ láìsí ìdí, ẹ má yọ̀, omi lè ti tán pátápátá lọ́dọ̀ sẹ́ńsọ̀ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí ìdérí rádíétọ̀ nígbà tó bá gbóná, omi ibẹ̀ ń bó ènìyàn lójú àti láyà. Ẹ má sì da omi tútù sórí tàbí sínú ẹ́ńjìnnì tó ń hó. Orí aluminíọ̀mù á wọ́, ìgbà yẹn ni tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì á wá jóná lóòótọ́.

Èmi tí mo wà níhìn-ín kò lè rí bóyá orí ẹ́ńjìnnì yín ti wọ́ nígbà tó gbóná tẹ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n máa ń fi irin gígùn wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n bá tú u ni. Nítorí náà, bí mo ṣe máa tò ó bó bá jẹ́ tèmi nìyí: ìdánwò omi òwúrọ̀ àti géèjì ọ́ìlì lákọ̀ọ́kọ́, torí kò ná yín lówó, lẹ́yìn náà bébà àti fáànù, ìdérí rádíétọ̀, fífọ iwájú rádíétọ̀, tẹmositáàtì tuntun pẹ̀lú kúláńtì, wíwá ibi tí rádíétọ̀ ti dí, àti ọ́ìlì nígbẹ̀yìn. Bí ìdánwò òwúrọ̀ bá fi hàn pé gáàsì ń wọ omi, ẹ má wà á mọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun àti títẹ́ orí lójú ẹ̀rọ lè gbà á. Tí orí bá ti là tàbí tí ọ́ìlì àti omi ti jọ yí nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó bọ́gbọ́n mu, pẹ̀lú rádíétọ̀ tó dára lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ẹ kọ̀wé padà sí mi lẹ́yìn ìdánwò bébà àti ti omi òwúrọ̀, kí ẹ sọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kà, àti àwọ̀ èéfín tó ń jáde nígbà tí ẹ bá tẹ iná.